Ọwọ́ Ara Mi Ni Mo Fi Kọ Ìwé Tí Kò Sí Obìnrin Nínú Rẹ̀

Ara mi ti fúyẹ́ báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí ẹ bá rí mi lónìí níwájú ilé mi n'Ìláròó, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ jókòó tí a ń jẹ àgbàdo sísè, tí à ń rẹ́rìn-ín ara wa, ẹ ò ní mọ̀ pé oṣù mẹ́jọ gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi yìí kò fi dá mi lóhùn. Ẹ ò sì ní mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Síbẹ̀síbẹ̀, ojú ṣì ń tì mí. Bí mo bá rántí, á dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin burúkú kan tó fìyà jẹ mí ni mo fẹ́ sọ, ẹ ti ṣì í. Irú ìyẹn pọ̀ nílẹ̀, èmi náà sì ti sọ ọ́ rí. Tèmi yìí yàtọ̀. Èmi obìnrin, tí mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí mo ṣe tíṣà títí mo fi di ọ̀gá iléèwé kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni mo mú bírò, tí mo fi pa gbogbo obìnrin ilé wa rẹ́. Ẹnikẹ́ni kò rán mi.

Ayétòrò ni ilé bàbá wa wà, ṣùgbọ́n oko wa wà lọ́hùn-ún, lọ́nà Ìjoùn. Ẹ̀gẹ́ àti kajú ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Ìyàwó méjì ni bàbá wa fẹ́. Ìyá tiwa bí obìnrin méjì, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi Rábíátù tí gbogbo èèyàn ń pè ní Rábí, àti èmi. Ìyàwó kejì bí ọkùnrin méjì, tí àwọn méjèèjì ti ń gbé l'Ékòó láti ìgbà èwe wọn. Ẹ̀gbọ́n Rábí fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Ìwé kẹrin ni wọ́n wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá wa, tí ìyá kò lè dá gààrí yan mọ́. Ni wọ́n bá yọ Ẹ̀gbọ́n Rábí kúrò níléèwé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń hú ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń jókòó ti agbada gbígbóná, tí èéfín ń kó sí wọn lójú. Gààrí yẹn ni wọ́n ń kó lọ sí Owódé fún àwọn oníṣòwò tó ń gbé e kọjá sí Kùtọnú. Gààrí yẹn náà ló rán mi níléèwé títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí tíṣà. Bàbá wa san díẹ̀, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n aṣọ iléèwé mi, bàtà mi, àti ìwé mi, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Rábí ni gbogbo ẹ̀ ti wá.

Wọ́n lọ́kọ, ọkọ náà lọ sí Kùtọnú lọ́jọ́ kan, kò sì padà wá mọ́. Ni Ẹ̀gbọ́n Rábí bá padà sóko bàbá wa pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn. Bàbá mú wọn dé apá ibi tó sún mọ́ odò, wọ́n fi ọwọ́ na ilẹ̀ náà láti ìdí igi ìrókò kan títí dé etí omi, wọ́n ní, "Rábí, máa dáko níbí. Tìẹ ni." Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí, àfi èmi tí mo gbé abọ́ oúnjẹ dání. Láti ìgbà yẹn, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Rábí ti ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọmọ wọn. Bàbá ti kú, ìyá ti kú, wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí nílé wa kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè yé yín. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé ẹbí máa ń wáyé ní pálọ̀ ilé ńlá l'Áyétòrò. Àwọn ọkùnrin nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Àwa obìnrin á wà lẹ́yìnkùlé, à á máa se ìrẹsì. Bí ọ̀rọ̀ obìnrin kan bá kàn, wọ́n á ní kí wọ́n pè é wá, á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á dáhùn ohun tí wọ́n bi í, á sì padà sídìí ìkòkò. Wọ́n lè sọ ibi tí ọmọ rẹ yóò lọ sílé ọkọ, wọ́n lè sọ ẹni tí yóò máa gbé inú yàrá ìyá rẹ, o ò ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Èyí ti ń bí mi nínú tipẹ́. Ṣebí èmi ni mo ń bá ọgọ́rùn-ún ọmọ èèyàn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́? Ṣebí lẹ́tà tí wọ́n bá fẹ́ kọ sí káńsù, èmi ni wọ́n ń wá bá? Kí ló wá dé tí mo fi gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà?

Nígbà tó yá, ojú akọ̀wé ẹbí ṣú, kò ríran kọ̀wé mọ́. Wọ́n wá ẹlòmíì láàárín ara wọn, ẹni tó mọ̀wé ń gbé l'Ékòó, ẹni tó wà nílé kò mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Ni Bàbá Lásísì, tí wọ́n jẹ́ àbúrò bàbá wa àti olórí ẹbí, bá ní, "Ẹ jẹ́ kí Tíṣà máa bá wa kọ ọ́." Háà! Ariwo sọ. Bọ̀dá Ganíyù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, dìde dúró, wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ilé náà sílẹ̀, obìnrin kò jókòó sí pálọ̀ yẹn rí, pé tí wọ́n bá gbà mí láàyè, ọ̀la ni àwọn obìnrin á ní kí ọkùnrin máa wá se ìrẹsì. Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n fi jiyàn lé e lórí. Èmi náà kò dákẹ́. Mo wọlé lọ́jọ́ kẹta, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo dìde, mo sì sọ tẹnu mi. Mo ní tí ẹbí bá lè jẹ nínú owó oṣù mi, ẹbí lè gbọ́ ohùn mi. Bàbá Lásísì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n gbé àga wá fún mi.

Ẹ wò ó, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo di ọ̀gá iléèwé lọ. Nígbà tí mo padà dé ẹ̀yìnkùlé, àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n Rábí dì mọ́ mi, wọ́n ní, "Ó parí! A ti ní ẹnìkan níbẹ̀." Èmi náà gbà pé ó ti parí. Mo ti wọ yàrá tí wọn kì í jẹ́ ká wọ̀. Kí ló tún kù?

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ẹbí pinnu pé àwọn fẹ́ wọn ilẹ̀ oko, kí oníkálukú mọ ààlà rẹ̀, kí àwọn àjèjì má baà máa já wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìwé ìdílé, tí orúkọ gbogbo ọmọ ilé yóò wà nínú rẹ̀, torí ìwé náà ni wọ́n máa tẹ̀ lé pín in. Wọ́n ní kí n kọ ọ́. Mo fi bí oṣù márùn-ún ṣe iṣẹ́ yẹn. Mo ra ìwé ńlá elẹ́yìn líle, mo fi rúlà fa ìlà. Mo lọ bá àwọn bàbá àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo jókòó tì wọ́n, mo bi wọ́n léèrè. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá ńlá wa, ọdẹ tó kọ́kọ́ dá abúlé náà sílẹ̀. Mo kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, mo kọ orúkọ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, mo ń bọ̀ wálẹ̀ wálẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ìyàwó bá kàn, mo kọ pé, "Ó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta." Níbi tí ẹnìkan bá ti bí obìnrin nìkan, mo kọ pé, "Kò ní ọmọkùnrin," mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Nígbà tí mo dé orí bàbá tèmi gan-an, mo kọ orúkọ àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì tó wà l'Ékòó. Mo ṣí ojú ìwé kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe pé mo rò ó, tí mo wá ní n kò ní kọ Ẹ̀gbọ́n Rábí. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn ni! Bí ẹni ń ka àwọn tó wà nínú yàrá tó gbàgbé láti ka ara rẹ̀. Mo ń sọ pé "ọmọ ilé," ọkùnrin ni mò ń rí lójú inú mi. Kò sí ọkùnrin kankan nítòsí mi nígbà tí mò ń kọ ọ́. Èmi nìkan ni, nínú pálọ̀ mi, pẹ̀lú ife tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo ka ìwé náà sókè ní ìpàdé. Ó gbà mí tó wákàtí kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹlòmíì ń nu ojú, torí wọ́n gbọ́ orúkọ bàbá wọn tó ti kú tipẹ́. Bàbá Lásísì wá bi mí pé, "Tíṣà, ṣé gbogbo wa la pé síbẹ̀? Kò ku ẹnìkan?" Mo dáhùn pé, "Gbogbo wa la pé, Bàbá." Ọ̀rọ̀ yẹn ni n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi títí dòní. Gbogbo wa la pé! Òórùn ìrẹsì tí ẹ̀gbọ́n mi ń sè lẹ́yìnkùlé sì ń wọlé bá wa lórí àga.

Wọ́n wọn ilẹ̀. Wọ́n ri àwọn òpó símẹ́ńtì kéékèèké mọ́ ààlà ti oníkálukú. Ibi tí Ẹ̀gbọ́n Rábí ń dá bọ́ sínú ìpín Bọ̀dá Ganíyù. Lọ́jọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n Rábí ń hú ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ ìró katakata. Awakọ̀ náà ní wọ́n ní kí òun wá tu ilẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n Rábí ní ilẹ̀ tàwọn ni. Ó ní kí wọ́n má bínú, ìwé tó wà lọ́wọ́ òun kò dárúkọ obìnrin kankan. Ó ti tu ibi tó tó ìdajì kí àwọn ará abúlé tó bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó, ó ti dà á nù sílẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ funfun báláú nínú oòrùn.

Ọ̀kadà ni Ẹ̀gbọ́n Rábí gùn láti ibẹ̀ wá bá mi n'Ìláròó. Ọ̀sán ni. Mo ń sá aṣọ. Mo rí wọn tí wọ́n wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn, wọn kò kí mi.

Wọ́n ní, "Tíṣà, wọ́n ní mi ò sí nínú ìwé. Ta ló kọ ìwé náà?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná. Ẹ mọ bí àwọn ọkùnrin wa ṣe rí..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ọkùnrin. Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ṣé wọ́n di ọwọ́ rẹ mú ni?"

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ wà níbẹ̀?" Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé n kò tilẹ̀ kọ orúkọ ara mi. Ẹ̀gbọ́n Rábí mi orí, wọ́n yí padà, wọ́n jáde. Mo gbé omi tẹ̀ lé wọn, wọn kò gbà á. Láti ọjọ́ náà, wọn kò dá mi lóhùn mọ́. Ààwẹ̀ dé, ó lọ. Iléyá dé, mo gbé ẹran ránṣẹ́, wọ́n dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tí ń dá ẹrù àjèjì padà.

Kí ni mo ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn? Mo bínú sí àwọn ọkùnrin ni. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ni mo ń rò ó fún pé Bọ̀dá Ganíyù ti gba oko ẹ̀gbọ́n mi, pé ilé wa burú, pé ọkùnrin kì í fẹ́ kí obìnrin ní nǹkan. Ó dùn lẹ́nu mi, torí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Títí di ọjọ́ tí ọmọ mi obìnrin, Nímọ́tà, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ó ní kí n fún òun ní ìwé náà kí òun wò ó. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá sún mọ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ kọ pé àwọn bàbá ńlá wa ló dá oko, àwọn ló kọ́lé, àwọn ló tọ́ ọmọ. Ta ló wá ń se oúnjẹ? Ta ló ń yan gààrí tó kọ́lé náà? Ó dà bíi pé àwọn ọkùnrin yìí ló ń bí ara wọn."

Mo ní, "Nímọ́tà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ló ni ìpàdé."

Ó ní, "Ohun méjì ló wà níbí, Màmá, ẹ ti pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni pé àwọn ọkùnrin ló jókòó síbi tí àṣẹ ti ń jáde. Ìyẹn rí bẹ́ẹ̀, ẹ sì bá wọn jà títí ẹ fi gba àga. Èkejì ni pé tí a bá ti ní 'èèyàn,' ọkùnrin ló ń wá sí wa lọ́kàn, àwa obìnrin á wá dà bí àfikún. Ìyẹn kò fẹ́ kí ọkùnrin kankan wà nínú yàrá kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ lè lé gbogbo wọn jáde ní pálọ̀ yẹn, kí ẹ kó obìnrin mẹ́wàá síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú yẹn náà ni wọ́n fi ń wo ayé, irú ìwé yìí náà ni wọ́n máa kọ."

Inú bí mi. Ọmọ tí mo bí ni yóò wá máa kọ́ mi? Mo ní kó má rí mi fín. Kò bínú. Ó kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Màmá, tí wọ́n bá bi yín pé ọmọ mélòó lẹ ní, kí lẹ máa ń sọ?" Mo yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Torí mo mọ ohun tí mo máa ń sọ. Láti ọgbọ̀n ọdún, mo máa ń sọ pé, "Mo ní ọkùnrin kan, àti àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn." Àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn! Nímọ́tà ni àkọ́bí mi. Ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ó dúró tì mí nígbà tí mo ń sọ ọ́ fún àlejò, kò sọ ohunkóhun rí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn nǹkan mìíràn. Rẹ́jísítà iléèwé mi, ọkùnrin ni mo ń kọ ṣáájú. Ìṣirò tí mo ń fún àwọn ọmọ, ọmọkùnrin ló ń ra nǹkan, ọmọkùnrin ló ń tà, ọmọkùnrin ló ń pín ọsàn. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ìṣirò mi, omi ló ń pọn. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ! Mo bú sẹ́kún, Nímọ́tà dì mí mú. Mo sọ fún un pé kó dárí jì mí. Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́, pé kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní rárá, màá kọ́kọ́ tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe. Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, mo múra ìjà lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ bí ẹni ń lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ní ìwé ìdílé tí mo kọ kò pé, pé kò sí obìnrin kankan nínú rẹ̀. Mo ń retí ariwo. Bàbá Lásísì kàn wò mí tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní, "Tíṣà, ta ló ní kí o má kọ wọ́n? Orúkọ gbogbo ọmọ ilé la ní kí o kọ. Nígbà tí ìwọ obìnrin, ìwọ tíṣà, kà á tí o ní gbogbo wa la pé, mo rò pé bí ẹ̀yin obìnrin ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ìjà tí mo gbé wá tú dànù lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni, Bàbá."

Ṣùgbọ́n kò ní rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá Ganíyù dìde, wọ́n ní wọ́n ti ri òpó, wọ́n ti tu ilẹ̀, ohun tó ti parí ti parí. Wọ́n ní obìnrin ní ilé ọkọ tirẹ̀, kó lọ máa dáko níbẹ̀. Àwọn kan ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i nígbà náà pé ọ̀rọ̀ àga náà kò tíì tán rárá, torí pé àwọn ọkùnrin méjìlá ló wà níbẹ̀ tó lè fi ẹnu lásán gba oko lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, èmi nìkan ṣoṣo ni mo wà ní ìhà kejì. Mo ṣí ìwé. Mo ní, "Bọ̀dá Ganíyù, ẹ jẹ́ kí n ka ibi tí orúkọ yín wà sí yín létí." Mo kà á: "Ganíyù. Ó fẹ́ ìyàwó méjì. Kò ní ọmọkùnrin." Mo fi ìwé náà hàn wọ́n, mo fi ìka tọ́ ìlà tí mo fà sábẹ́ orúkọ wọn. Mo ní, "Ohun tí mo kọ ni pé ẹ̀yin lẹ parí ẹ̀ka yín. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá pè yín, ìpín yín á padà sọ́wọ́ ẹlòmíì."

Ọmọbìnrin márùn-ún ni Bọ̀dá Ganíyù bí. Wọ́n gbọ́ nígbà tí mo ka ìwé náà lọ́jọ́ kìíní, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọn kò sì fura! Bí kò ṣe wá sí èmi lọ́kàn náà ni kò ṣe wá sí wọn lọ́kàn. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní, "Sàdíátù mi ńkọ́?" Sàdíátù ni àkọ́bí wọn, òun ló ń tọ́jú wọn, òun ló ń gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n jókòó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Tíṣà, kọ wọ́n. Kọ wọ́n, gbogbo wọn." Bàbá Lásísì pàṣẹ níbẹ̀ pé kí n tún ìwé kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé kí wọ́n hú òpó tó wà létí odò, ti Rábí ni ibẹ̀, bàbá wa ti sọ ọ́ fún òun kí wọ́n tó kú. Mo dúpẹ́, inú mi sì dùn, ṣùgbọ́n mo tún sọ fún wọn kí n tó jókòó pé obìnrin kan kò tó nínú pálọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn máa rò ó. Wọ́n ṣì ń rò ó títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n Sàdíátù ti ń wá jókòó tì mí ní ìpàdé, ẹnikẹ́ni kò sì lé e.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sóko. Ẹ̀gbọ́n Rábí jókòó lórí àpótí, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọn kò dáhùn. Mo mú ọ̀bẹ, mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o pẹ̀lú wọn. A bó o títí. Lójijì ni mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Èèpo rẹ ti nípọn jù. Ṣé ẹ̀gẹ́ lò ń bó àbí ò ń gé e sọnù?" Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí mi! Oṣù mẹ́jọ! Mo ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́ ohun tí o ṣe lánàá. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ dé." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wọn. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ti ilẹ̀ ló dùn mí jù. Ganíyù gba ilẹ̀, mo lè bá Ganíyù jà. Ìwọ ni o ka àwọn ọmọ bàbá wa tí o kò kà mí. Ibo ni mo fẹ́ gbé ìyẹn lọ?" Mo kàn di ẹsẹ̀ wọn mú.

Àwa méjèèjì la jọ kọ ìwé tuntun náà. Ẹ̀gbọ́n Rábí kò mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n orí wọn dà bí àká. Wọ́n mọ ìyá ta ni, ọmọ ta ni, ẹni tó kú lórí ìkúnlẹ̀, ẹni tó gbin kajú àkọ́kọ́. Obìnrin kan wà tó ń ra ọmọ igi láti ọ̀nà Ìmẹ̀kọ wá gbìn, òun ló sọ oko wa di oko kajú. Àwọn bàbá tí mo lọ bá léèrè kò dárúkọ rẹ̀ fún mi, èmi náà kò sì béèrè. Nígbà tí a dé orí ìyá tó bí bàbá wa, a dúró. Ìyá Lámídì ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, nítorí àkọ́bí wọn ọkùnrin. Kí ni orúkọ wọn gan-an? Ẹ̀gbọ́n Rábí kò mọ̀. Bàbá Lásísì tí wọ́n bí kò mọ̀! Wọ́n ní, "Ìyá mi ni mo ń pè é." Ẹ gbọ́ o, obìnrin tó bí ọmọ mẹ́sàn-án, tí gbogbo wa ti ara rẹ̀ jáde, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú ilé tó kún fún ọmọ rẹ̀.

Wọ́n ní ó ku màmá kan l'Áfọ̀n, ọmọ àbúrò ìyá àgbà náà, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Rábí wọkọ̀ lọ. Màmá náà dùbúlẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú wọn kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn gbọ́. A bi wọ́n. Wọ́n wá ní, "Ẹfúntọ́lá. Ẹfúntọ́lá ni ìyá mi máa ń pè é, torí àwọn méjì ni wọ́n jọ dàgbà. Ta ló ń béèrè rẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n Rábí ní, "Àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, Màmá." Màmá arúgbó náà rẹ́rìn-ín, eyín kò sí lẹ́nu wọn, wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é." Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, Ẹ̀gbọ́n Rábí ń pe orúkọ náà lábẹ́nu, Ẹfúntọ́lá, Ẹfúntọ́lá, bí ọmọ tó ń há iṣẹ́ iléèwé sórí. Awakọ̀ bi wá bóyá a ń wá ẹnìkan. Mo ní a ti rí i.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìyàwó mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ kọ pé bàbá ńlá wa ọdẹ fẹ́. A ti wá orúkọ wọn títí, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀kan, gbogbo ẹni tó lè mọ̀ ọ́n ti kú. Ìlà mẹ́ta ni mo fà síbẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo. Ẹni tó bá ń ka ìwé náà lẹ́yìn wa á rí i pé àwọn obìnrin mẹ́ta wà níbẹ̀, àti pé àwa la sọ wọ́n nù. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá fún yín ní àga, ẹ gbà á, ẹ jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ wẹ̀yìn wò, kí ẹ wo ẹni tí ẹ kò rí. Bí ìyá àgbà yín bá sì ṣì wà láàyè, tó jẹ́ orúkọ ọmọ ni ẹ ń fi pè wọ́n, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n pé kí ni ìyá tó bí wọn ń pè wọ́n.